Kí Iyùn Alààyè Tó Wọ Àpótí Omi Yín ní Àkúrẹ́

Iyùn tí àwọn ìjòyè ń fi sọ́rùn lọ́jọ́ ayẹyẹ, ohun ẹlẹ́mìí ni kó tó di ìlẹ̀kẹ̀. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi, wọn ò gbà. Àfìgbà tí mo mú wọn dúró níwájú àpótí gíláàsì mi ní pálọ̀, tí mo ju oúnjẹ bíńtín sínú omi, tí wọ́n sì fojú ara wọn rí i bí ohun tí wọ́n ń pè ní òdòdó ṣe pa ẹnu dé lé e lórí. "Háà, ó jẹ ẹ́!" Ó ń jẹun lóòótọ́. Iyùn pupa àtijọ́, inú Òkun Mẹditaréníà ni wọ́n ti ń wà á. Egungun rẹ̀ ni wọ́n ń gé, tí wọ́n ń lu nínú, tí wọ́n ń sín. Àwọn tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn níbí, mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni wọ́n, àwọn tó ń gbé inú òkun olóoru níbi tí oòrùn ti ń wọnú omi dáadáa.

Gbogbo ẹni tó bá ti rí àpótí yìí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Níbo la ti lè ra iyùn?" Ìyẹn gan-an ló yẹ kó gbẹ̀yìn. Omi lẹ máa kọ́kọ́ sìn, fún oṣù méjì ó kéré tán, kí ẹ tó sin iyùn. Owó tó bá sì wà lọ́wọ́, orí ìńfátà àti bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ná an lé, kí ẹ tó wo iná aláwọ̀ búlúù tó ń wu gbogbo wa.

Àpótí àti ibi tó máa jókòó sí

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kékeré. Omi díẹ̀ tètè ń gbóná, ó tètè ń tutù, iyọ̀ rẹ̀ sì tètè ń yí padà. Èyí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 45, tó ga ní 45, ó máa gba nǹkan bíi lítà 240. Ó tó. Àwọn tó ń ṣe fèrèsé aláluminíọ́ọ̀mù lè gé gíláàsì rẹ̀ fún yín, kó má tín-ín-rín ju mílímítà 10 lọ. Ẹ bi wọ́n nípa sílíkóònù tí wọ́n fẹ́ fi lẹ̀ ẹ́: èyí tí wọ́n kọ sí lára pé ó ń lé ebu, tí wọ́n ń lò ní balùwẹ̀, oògùn wà nínú ẹ̀, ó sì lè pa ohun tí ẹ bá fi síbẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́, ẹ gbé e síta, ẹ pọn omi lásán kún un, kó wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó sàn kó jò sórí koríko ju kó jò sórí kápẹ́ẹ̀tì lọ.

Lítà 240, kílò 240 nìyẹn. Ẹ fi gíláàsì, òkúta àti yanrìn kún un, ó ti ju 300 lọ. Nítorí náà, wẹ́dà ni kó ṣe ìjókòó rẹ̀, kì í ṣe tábìlì tẹlifíṣọ̀n. Ẹ fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó, kí ẹ sì tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ sí abẹ́ gíláàsì.

Kó má sí lára ògiri tí oòrùn ọ̀sán ń nà. Kó má sún mọ́ ilé ìdáná. Lékè gbogbo rẹ̀, bí wọ́n bá ń fín oògùn ẹ̀fọn nínú yàrá kan, àpótí yìí ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀. Oògùn tó ń pa ẹ̀fọn kò mọ̀ pé edé àti iyùn kì í ṣe ẹ̀fọn. Nílé mi, nẹ́ẹ̀tì la fi ń sùn.

Iná, àti ooru Àkúrẹ́

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níbí, torí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú.

Tí iná bá lọ, kì í ṣe òkùnkùn ló máa pa iyùn. Iyùn lè fara da òkùnkùn ọjọ́ kan sí méjì láìsí wàhálà. Omi tó dúró sójú kan ló ń pani. Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ń tán, gbogbo ohun ẹlẹ́mìí inú ẹ̀ sì ń fà á láàárín ara wọn. Láàárín wákàtí díẹ̀, ẹja á ti máa sáré wá sójú omi. Ohun tí bátìrì gbọ́dọ̀ gbé nìyí: pọ́ǹpù tó ń yí omi po, lẹ́yìn náà fáànù. Iná LED lè dúró de NEPA.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Bátìrì fóòtì 12 tó jẹ́ 100 Ah, 1,200 Wh (12 lọ́nà 100, ìyẹn wáàtì tó lè gbé fún wákàtí) ló wà nínú ẹ̀ lórí ìwé. Tó bá jẹ́ oríṣi olómi ásíìdì, ẹ má lò ju ìdajì lọ kó má baà tètè kú. Ó ku 600. Pọ́ǹpù wáàtì 10 pẹ̀lú fáànù wáàtì 10, 20 nìyẹn. 600 pín sí 20, wákàtí 30. Ìńfátà fúnra ẹ̀ á jẹ díẹ̀ níbẹ̀, ẹ kà á sí ọjọ́ kan gbáko. Tí ẹ bá ra pọ́ǹpù àti fáànù tó ń lo fóòtì 12 tààrà, tí kò gba inú ìńfátà kọjá, ẹ máa jèrè wákàtí díẹ̀ sí i. Kí ẹ sì fi sìtébíláísà sí àárín ògiri àti gbogbo rẹ̀, torí ọ̀nà tí iná ń gbà dé ní òru, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ó ku ooru. Àwọn ará ìlú òtútù ló ń ra ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná kó tó di nǹkan mìíràn. Tiwa yàtọ̀. Iyùn fẹ́ kí omi wà láàárín dígíríì Celsius 24 sí 27. Ní ọ̀sán oṣù kejì tàbí ìkẹta, nínú yàrá abẹ́ páànù ní Àkúrẹ́, mo ti wọn 31 rí. Nínú ẹran ara iyùn, àwọn ewéko kéékèèké tí ojú ò lè rí ń gbé, àwọn ló ń fi ìmọ́lẹ̀ se oúnjẹ fún un. Tí omi bá kọjá 30 fún ọjọ́ mélòó kan, iyùn á lé wọn jáde, ara rẹ̀ á funfun báláú, ebi á sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí àwọn ìyá wa fi ń mú omi tutù nínú àmù la máa lò. Àmù ń làágùn, òógùn yẹn ń gbẹ, omi inú ẹ̀ ń tutù. Ẹ ṣí ojú àpótí sílẹ̀, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì bò ó kí ẹja má fò jáde, kí ẹ sì kọjú fáànù kékeré sí ojú omi ní ìdágẹ̀rẹ̀. Dígíríì méjì sí mẹ́ta ló máa ń yọ kúrò. Nígbà ọyẹ́ ó tún ń ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ torí afẹ́fẹ́ gbẹ. Nígbà òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ooru pẹ̀lú ti dínkù nígbà yẹn. Òru ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń tan ẹ̀rọ amómigbóná kékeré, mo sì gbé e sí 25.

Ohun kan rèé: omi tí fáànù ń gbẹ, iyọ̀ kì í bá a lọ. Tèmi máa ń dín ní bíi lítà márùn-ún lójúmọ́. Omi lásán tó mọ́ lẹ máa fi dí i, kì í ṣe omi oníyọ̀, láràárọ̀. Ẹ fi téèpù sàmì sí ara gíláàsì ní ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé.

Omi

Ẹnìkan máa sọ pé: ṣebí Ìpínlẹ̀ Oǹdó ní òkun, ẹ jẹ́ ká lọ bù ú ní Ìlàjẹ. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin lọ, mo gbé wọn bọ̀, nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ tó sùn sí ìsàlẹ̀ kẹ́ẹ̀gì ga tó ìbú ìka. Ẹrẹ̀ ni etíkun apá Mahin, kì í ṣe yanrìn funfun. Odò ń tú omi dídùn àti ẹrẹ̀ sínú òkun níbẹ̀, wọ́n sì ń wa epo rọ̀bì ládùúgbò yẹn. Ìdí nìyẹn tí iyùn kì í fi í kọ́lé sí etíkun wa: ó fẹ́ omi mímọ́ tí oòrùn lè gbà kọjá. A máa fọwọ́ ara wa po òkun ni.

Omi lásán tí ẹ máa fi pò ó ṣe pàtàkì ju iyọ̀ lọ. Ẹ ra ẹ̀rọ TDS, ohun kékeré kan tó dà bí bírò, ẹ tì í bọnú omi, ó máa sọ iye ohun tó yòrò sínú ẹ̀. 0 la ń wá. Omi kànga, omi bọ́hòlù, omi ẹ̀rọ, kò sí èyí tó máa fún yín ní 0. Omi inú ọ̀rá náà, ẹ dán an wò. Ó dára fún mímu, ìyẹn ò ní kó dára fún iyùn.

Omi òjò ńkọ́? Mo gbé e wọlé lẹ́ẹ̀kan, TDS rẹ̀ kéré, inú mi dùn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, àwọn ìgbín òkun mẹ́jọ tí mo kó síbẹ̀ ti já bọ́ lára gíláàsì. Mo ti gbàgbé pé páànù ni òjò yẹn gbà kọjá. Síńkì àti bàbà, tó bá kéré bó ti wù kó kéré, májèlé ni fún ìgbín òkun, edé àti iyùn. Ìdí kan náà nìyẹn tí ẹ ò fi gbọ́dọ̀ lo páìpù bàbà tàbí ẹnu ẹ̀rọ onídẹ, tí ẹ ò sì gbọ́dọ̀ da oògùn ẹja tó ní bàbà nínú sínú àpótí yìí láéláé.

Ẹ̀rọ RO/DI ni ọ̀nà àbáyọ. Awọ tín-ín-rín kan wà nínú rẹ̀ tó ń sẹ́ omi, lẹ́yìn ẹ̀ ni ohun tó ń fa ìyókù. Ohun tí wọn kì í sọ fún wa ni pé ó fẹ́ agbára omi tó tó bíi 60 psi, bẹ́ẹ̀ omi tó ń ti orí táǹkì òkè ilé bọ̀ kì í tó 10. Ẹ ra pọ́ǹpù amágbára-pọ̀ kékeré mọ́ ọn. Lítà kan tó bá mọ́, bíi mẹ́ta sí mẹ́rin máa dànù. Ẹ má dà á nù, ẹ fi fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ fi bomi rin ẹ̀fọ́.

Iyọ̀ náà rèé. Iyọ̀ ọbẹ̀, iyọ̀ kan ṣoṣo ni. Òkun ní kálísíọ́ọ̀mù, maginíṣíọ́ọ̀mù, pọtáṣíọ́ọ̀mù àti oríṣiríṣi nǹkan mìíràn, torí náà iyọ̀ tí wọ́n po fún àpótí iyùn nìkan ni kí ẹ rà. Nǹkan bíi gíráàmù 37 ló ń wọ lítà kan. Fún dúrọ́ọ̀mù lítà 100, ẹ wọn kílò 3.7. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ti fi kó kẹ́míkà rí, ẹ má sún mọ́ ọn. Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rọ, kí ẹ wá máa da iyọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ bí pọ́ǹpù ti ń yí i, kó sì yí di ọjọ́ kejì. Ẹ fi refractometer, awò tó ń wọn iyọ̀ inú omi, wò ó: 35 ppt (ìdá 35 nínú ẹgbẹ̀rún), tàbí 1.025 sí 1.026 tó bá jẹ́ bó ṣe wúwo sí omi lásán ló ń sọ. Kí ẹ tó gba ohun tó bá sọ gbọ́, ẹ fi omi ìdánwò 35 tí wọ́n ń tà fún un tún un ṣe.

Òkúta àti yanrìn

Èyí ò ní gba àkókò wa. Òkúta Òkè Ìdànrè lẹ́wà, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó le kankan, kò ní ihò tí bakitéríà lè gbé. Òkúta iyùn gbígbẹ tó fúyẹ́, tó ní ihò bíi kànìnkànìn, lẹ máa rà; kílò 15 sí 20 tó fún àpótí yìí. Orí gíláàsì ìsàlẹ̀ ni kó jókòó sí kí yanrìn tó dé, torí ẹja tó ń gbẹ́ ilẹ̀ lè mú kí òkúta orí yanrìn wó. Kó má kan ògiri ẹ̀yìn, kí ihò wà láàárín, kí omi lè kọjá. Yanrìn aragonite, yanrìn òkun tó ní kálísíọ́ọ̀mù, tó hóró díẹ̀ dára. Yanrìn odò Ọ̀wẹnà kò ní pa nǹkan, àmọ́ kò wúlò fún nǹkan, ó sì máa ń da omi rú.

Ìdúró

Ẹni tó bá ti rẹ àgbàdo ògì rí mọ iṣẹ́ tó kàn. Ojú ò rí ohun tó ń ṣiṣẹ́ nínú omi yẹn, imú ló ń gbọ́ ọ. Tí ẹ bá sì kánjú lọ̀ ọ́, kò ní kan.

Ohun gbogbo tó bá jẹun nínú omi ló ń tú amóníà jáde, amóníà sì ń pa wọ́n. Bakitéríà kan wà tó ń sọ amóníà di nítíráìtì, májèlé náà ni. Òmíràn wá ń sọ nítíráìtì di nítíréètì, èyí tí iyùn lè fara dà díẹ̀, tó tún ń jẹ níwọ̀nba. Àwọn bakitéríà yìí la fẹ́ kó pọ̀ lára òkúta kí àlejò tó dé. Ẹ ra oúnjẹ wọn, ammonium chloride, ẹ dà á sí i títí ẹ̀rọ ìdánwò fi sọ pé 2 mg lórí lítà kan. Àwọn kan máa ń ju edé tútù kan sí i kó jẹrà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ ò lè wọ̀n ọ́n, ilé á sì máa rùn bí ọjà ẹja. Ẹ lè ra bakitéríà inú ìgò kún un kó yá díẹ̀.

Mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọ́ sí. Ọjọ́ kìíní: amóníà 2, nítíráìtì 0. Ọjọ́ kẹsàn-án: amóníà 1, nítíráìtì ti yọjú. Ọjọ́ kejìdínlógún: amóníà 0, ṣùgbọ́n nítíráìtì ga débi pé àwọ̀ inú ìgò ìdánwò di elése àlùkò pátápátá. Ibẹ̀ ló ti ń sú èèyàn, torí ó lè dúró síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ kẹrìndínlógójì: méjèèjì di 0. Mo tún da amóníà 2 sí i lálẹ́, nígbà tó fi di alẹ́ ọjọ́ kejì, kò sí amóníà, kò sí nítíráìtì. Ìyẹn ni àmì tí ẹ máa dúró dè, kì í ṣe iye ọjọ́. Ẹ má tan iná LED ní gbogbo àkókò yìí. Tó bá ti parí, ẹ pààrọ̀ ìdajì omi kí nítíréètì lè wálẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbin á dé. Nǹkan aláwọ̀ búráùn máa bo yanrìn, aláwọ̀ ewé máa tẹ̀ lé e, àlejò á sì máa bi yín bóyá ẹ ti pa á tì. Ẹ má da oògùn sí i. Ẹ kó ìgbín òkun bíi mẹ́wàá síbẹ̀, Trochus tàbí Turbo, kí ẹ sì fi ẹja kékeré kan tàbí méjì kún un kí bakitéríà má baà kú fún ebi. (Ọmọ àbúrò mi bi mí bóyá ìgbín inú oko ò lè ṣe é. Iyọ̀ lẹ̀gbọ́n, iyọ̀!) Ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìwọ̀n tí ẹ máa wò kí ẹ tó ra iyùn

Amóníà àti nítíráìtì, 0. Nítíréètì láàárín 2 sí 10 mg lórí lítà. Ẹ má ṣe lépa 0, torí ebi máa pa iyùn níbẹ̀. Fọ́sífétì, 0.03 sí 0.1. Kálísíọ́ọ̀mù, 400 sí 450. Maginíṣíọ́ọ̀mù, 1,250 sí 1,350. Alkalinity, ìyẹn agbára omi láti dènà ásíìdì, tí wọ́n ń fi dKH wọ̀n, èyí tí mo ka sí pàtàkì jù nínú gbogbo wọn, 8 sí 9. Iyùn tó dúró nínú 7.5 láti oṣù yìí dé oṣù tó ń bọ̀ sàn ju èyí tó wà nínú 8 lónìí, 10 lọ́la. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá tẹ̀ léra wọn tí àwọn ìwọ̀n yìí ò sì yí padà púpọ̀, ó ti yá.

Pọ́ǹpù náà, kó máa yí omi tó ìlọ́po mẹ́wàá sí ogún àpótí ní wákàtí kan, ìyẹn lítà 2,400 sí 4,800 fún tiwa. Ẹ má kọjú u sí yanrìn. Ìmọ́lẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdá kan nínú mẹ́ta agbára rẹ̀, wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́.

Ọjọ́ tí iyùn dé

Àwọn tó rọrùn ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀: Discosoma, tó dà bí olú, Sarcophyton, tó dà bí agboòrùn awọ, Zoanthus, tó dà bí bọ́tìnnì aláràbarà. Acropora, iyùn olókùúta ẹlẹ́ka tó ṣòro sìn, ẹ fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Iyùn olókùúta, tó ń kọ́ egungun, wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àwọn orílẹ̀-èdè lórí òwò ẹranko àti ewéko tó lè run, ìwé àṣẹ ló máa ń bá a kọjá ẹnubodè. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Tó bá ṣe é ṣe, ẹ ra èyí tí wọ́n gé lára iyùn tí wọ́n ń sìn nínú àpótí, ó ti mọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ lára ju èyí tí wọ́n ká nínú òkun lọ.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan Zoanthus àti Palythoa, mọ̀lẹ́bí rẹ̀. Àwọn kan nínú wọn ní májèlé palytoxin, ó lágbára púpọ̀. Ẹ ò gbọ́dọ̀ se òkúta tí wọ́n wà lára ẹ̀, ẹ ò gbọ́dọ̀ ha á kó ta sí ojú. Èéfín rẹ̀ ti gbé odindi ìdílé dé ọsibítù rí.

Ẹ pa iná LED. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rá léfòó lórí omi fún ìṣẹ́jú 20 kí ooru wọn lè bára mu. Ẹ tú u sínú abọ́, kí ẹ máa fi ife kékeré bu omi àpótí sí i ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, fún bíi ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà, ẹ rì í sínú oògùn ìwẹ̀ iyùn bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́ẹ́jẹ́. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, aràn pẹlẹbẹ méjì àti ìgbín kan tó tín-ín-rín bí ìrẹsì já bọ́ sínú abọ́ funfun yẹn. Ká ní mo gbé e wọlé bẹ́ẹ̀ ni, wọn ì bá ti jẹ ẹ́ tán. Omi inú ọ̀rá àti omi oògùn, kí ìkankan má dé inú àpótí.

Yanrìn ni kó kọ́kọ́ jókòó lé, níbi tí omi ti ń kọjá díẹ̀. Ó máa ká ara pọ̀, ó lè má ṣí lọ́jọ́ náà, ó lè má ṣí lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má gbé e kiri. Tó bá ń tú ohun búráùn tó ń yọ̀ jáde, tó sì ń rùn, ẹ yọ ọ́ kúrò kó má ba omi jẹ́. Tó bá ti ṣí dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ gbé e sókè sórí òkúta ní ìwọ̀n ìbú ọwọ́ kan, ẹ fi gúlúù super glue onígẹ́ẹ̀lì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ìdá mẹ́wàá kún ìmọ́lẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.